Ẹ̀yìn Òṣìṣẹ́ Kì Í Ṣe Kéréènì

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro ni a fẹ́ sọ lójú ewé yìí. Kò sí apá kan nínú ẹ̀ka wa tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Lébírà tó ń já ẹrù ní sítọ̀, awakọ̀ tó wa ọkọ̀ láti Èkó dé Kánò, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń gbé táyà, arábìnrin tó ń di páálí: ẹ bi wọ́n léèrè, wọn yóò di ìbàdí mú kí wọ́n tó dáhùn.

Ohun tó mú wa kọ ọ́ nísinsìnyí ni pé àwọn ọ̀gá ti lẹ pósítà mọ́ ògiri sítọ̀. Àwòrán ọkùnrin kan ni, ó tẹ orúnkún, ó gbé àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé kí a máa gbé ẹrù bó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ inú pósítà náà kò burú, àwa náà yóò sì sọ ọ́ nísàlẹ̀ yìí bí yóò ti yé wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí pósítà yẹn ti dé ògiri, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní ẹ̀yìn ń ro òun, ohun tí fọ́máànù máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé o tẹ orúnkún?" Ibẹ̀ ni àwa kò ti ní gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀yìn ṣe rí ná. Eegun ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀pá kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké ni, tí a tò lé ara wọn bí ẹni to agolo mílíìkì. Láàrin eegun kan sí èkejì ni ohun kan wà tó rọ̀ bíi tìmùtìmù, tí kì í jẹ́ kí eegun gbo eegun. Iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló ń fà wọ́n ró. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ pé bí nọ́ọ̀tì táyà bá le, páìpù gígùn ni a ó ki bọ ìdí sípánà, a ó sì fi agbára díẹ̀ tú u. Bí páìpù bá ṣe gùn tó ni agbára náà ṣe ń pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹrù ń ṣe sí ẹ̀yìn wa. Àpò tí ènìyàn gbá mọ́ àyà, páìpù kúkúrú ni. Àpò kan náà tí ó na ọwọ́ méjèèjì fà jáde nínú bọ́ọ̀dì ọkọ̀, páìpù gígùn ni, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni nọ́ọ̀tì tó ń tú.

Nítorí náà, kí ẹrù sún mọ́ ara. Ẹni tó bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù, kó má gbàgbé ìyẹn. Kí a rìn dé ìdí ẹrù kí a tó tẹ̀ba, kí ẹsẹ̀ méjèèjì là díẹ̀, kí ọ̀kan wà níwájú, kí a tẹ orúnkún àti ìbàdí, kí itan lè ṣe iṣẹ́ tó yẹ itan. Kí a má já a gbà nílẹ̀ lójijì. Bí a bá gbé e tán tí a sì fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ ni kí a gbé yí, kí ìbàdí má lọ́. Ẹ wo àwọn tó ń ju àpò sí ara wọn nídìí ọkọ̀: lílọ́ ìbàdí pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹrù bá fẹ̀ tàbí tó wúwo jù, kí èèyàn méjì gbé e, kí ọ̀kan máa ka ọ̀kan, méjì, ó yá. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má ṣe bọ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó kí ẹ sì di àpò mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Jíjókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ti mú ẹ̀yìn lágara. Ẹ rìn yí ọkọ̀ ká ná, ẹ wo táyà. Òwúrọ̀ kùtù náà ní tirẹ̀: tìmùtìmù inú eegun máa ń fa omi mu lóru tí a bá sùn, ó sì máa ń kún tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, títẹ̀ba gbé ẹrù lákòókò yẹn a sì máa ni ẹ̀yìn lára ju ti ọ̀sán lọ.

Wàyí o, ẹ bá wa ṣírò. Tírélà kan kó 600 àpò sìmẹ́ńtì, 50 kílò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. 30 tọ́ọ̀nù nìyẹn. Bí èèyàn mẹ́rin bá já a, 150 àpò ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 7,500 kílò lórí ẹ̀yìn ènìyàn kan ṣoṣo. Kí ó tẹ orúnkún nígbà 150? Orúnkún wo? Ọkùnrin inú pósítà gbé àpótí kan péré, abájọ tó fi ń rẹ́rìn-ín.

Ní 1967, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, tí a mọ̀ sí ILO, ṣe Àdéhùn 127 lórí ìwọ̀n ẹrù tí ènìyàn kan lè rù. Nínú Ìmọ̀ràn 128 tó bá a rìn, wọ́n ní níbi tí wọ́n bá ti gbà kí ọkùnrin kan ru ju 55 kílò lọ, kí wọ́n yára dín in kù dé 55. Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn ìṣirò yẹn, torí pé 50 kò tó 55. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò dúró sí 1967. Ní 1991, àjọ NIOSH tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà fi 23 kílò ṣe òpin, bí gbogbo nǹkan bá tiẹ̀ dára, tí ẹrù sún mọ́ ara, tó ní ibi ìdìmú, tí ìbàdí kò sì lọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, ìwọ̀n náà ń wálẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ́sọ́nà ìjọba ni 25 kílò fún ọkùnrin àti 16 fún obìnrin, bí ẹrù bá wà ní ọ̀gangan ìbàdí. Bí ẹrù ọkùnrin náà bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di 10. Àpò sìmẹ́ńtì wọn lọ́hùn-ún, 50 kílò ni tẹ́lẹ̀, ó ti di 25. Ilé wọn kò sì tìtorí ẹ̀ wó.

Ẹ wo 25 àti 10 yẹn dáadáa. Ọkùnrin kan náà ni, orúnkún kan náà. Ibi tí wọ́n gbé ẹrù lé nìkan ló yàtọ̀. Ta ló ń pinnu ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù lé? Kì í ṣe lébírà.

Ní 2011, àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ. Wọ́n rí i pé kíkọ́ òṣìṣẹ́ ní ọ̀nà ìgbẹ́rù, yálà a fún un ní ohun èlò ìrànwọ́ tàbí a kò fún un, kò dènà ẹ̀yìn ríro. Ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ wa, torí àwa náà fẹ́ràn ọmọlanke. Ohun tí a rí fà yọ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n yí padà: ìwọ̀n àpò, gíga ibi tí àpò wà, iye ènìyàn tó ń já a. Bẹ́líìtì ìbàdí tí wọ́n sì ń ṣèlérí rẹ̀, NIOSH ti wí ní 1994 pé kò sí ẹ̀rí pé ó ń dáàbò bo ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì bà jẹ́. Kí wọ́n fi owó rẹ̀ mọ pèpéle.

Ó ku èyí tí a ní láti bá ara wa sọ. Bí ẹ̀yìn bá ń ro wá, ọ̀dọ̀ ìyá alágbo ẹnu géètì ni a máa ń kọ́kọ́ yà sí. A ó ní jẹ̀dí ni, ṣúgà ló fà á, kí wọ́n bu ọ̀pá ẹ̀yìn fún wa. A kò bá ìyá alágbo jà, òṣìṣẹ́ ni òun náà. Ṣùgbọ́n tírélà 30 tọ́ọ̀nù kì í ṣe ṣúgà. Èyí tí wọ́n sì fi ògógóró rẹ, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹni tó fẹ́ di ìtọ́kọ̀ mú. Tramadol ńkọ́? Kì í wo ẹ̀yìn sàn, ó kàn ń pa á lẹ́nu mọ́ ni, kí ènìyàn tún lè gbé àádọ́ta àpò lé e. Ó sì ń di bárakú.

Bí ẹ̀yìn bá mú ènìyàn, kó má fi bẹ́ẹ̀dì ṣe ilé bí wọ́n ti ń sọ láyé àtijọ́. Àwọn dókítà òde òní ní kí ó máa rìn, kí ó máa ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́; ọ̀pọ̀ ló máa ń gbádùn láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí ojú ara àti àárín itan bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣeé mú dúró, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, ilé ìwòsàn ńlá ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí a sì fi tó wọn létí níbi iṣẹ́. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún ọ̀gá tàbí súpáfáísọ̀ láàrin ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí NSITF láàrin ọjọ́ 7. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó ètò náà, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù wa. Ẹ̀yìn tó bà jẹ́ kì í ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà kí a kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, irú ẹrù, ẹni tó wà níbẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ aṣojú ẹgbẹ́. Àwọn lébírà ojúmọ́ tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò ní kí àwọn má padà wá lọ́la, kí wọ́n wá bá wa, àwa yóò bá wọn gbé e wọlé.

Ní ìpàdé wa pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, a ó béèrè àpò 25 kílò níbikíbi tí ẹni tó ń tajà fún wọn bá ti ń ṣe irú rẹ̀, pèpéle tó bá bọ́ọ̀dì ọkọ̀ dọ́gba, ohun tí a ó fi gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èèyàn mẹ́fà dípò mẹ́rin fún tírélà kan, àti ìsinmi láàrin. Kí pósítà wọn máa wà lára ògiri, a kò ní ya á. Ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ti ń dà láàmú, ẹ mú orúkọ yín wá sí ọ̀fíìsì ẹ̀ka kí ìpàdé náà tó wáyé, kí ẹ kọ irú ẹrù tí ẹ ń gbé àti iye tí ẹ ń gbé lójúmọ́ sí i. Ìwé náà ni a ó kọ́kọ́ gbé síwájú wọn.