Ère Ìbejì Kì í Ṣe Ọjà



Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ìní ààfin Àgbómẹ̀ 26 padà fún orílẹ̀-èdè wa, ohun tí àwọn ọmọ ogun Dodds kó lọ ní 1892. A yọ̀, ó sì tọ́ kí a yọ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí òyìnbó jí ni à ń wí ṣáá. Ṣùgbọ́n ta ni ó kó ère ìbejì tiwa lọ? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ ara wa ni a fi tà wọ́n. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Èmi gan-an kò bọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ère Táíwò àti Kẹ́hìndé wà ní yàrá ìyá mi, osùn lára wọn, aró ní orí wọn, ojú wọn ti dán nítorí ọwọ́ tí ń wẹ̀ wọ́n. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwọn ará ilé tà wọ́n fún oníṣòwò kan, wọ́n sì fi owó náà ránṣẹ́ sí mi. Mo fi ra ìwé. Mo ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìntì. N kò lè rà wọ́n padà, nítorí n kò mọ ilé tí wọ́n wà.

Àwọn kan ń wí pé igi lásán ni, pé onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí kì í tọ́jú òrìṣà. Ta ni ó ní kí wọ́n bọ ọ́? Ìbejì tí ó kú ni a gbẹ́ ère náà fún. Ilà ojú rẹ̀ a sì máa sọ ibi tí ó ti wá. Ẹni tí ó tà á, ọmọ ilé rẹ̀ ni ó tà. Ní ilẹ̀ Jàpáànì, ère Ebisu àti Daikoku, òrìṣà ajé wọn, ṣì wà nínú ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀làjú kò lé wọn jáde.

Àwọn mìíràn ní ikán ni yóò jẹ ẹ́, pé ó sàn kí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè. Bí ikán bá jẹ ère, agbẹ́gilére a gbẹ́ òmíràn: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń ṣe é. Èyí tí a tà ni kò ní arọ́pò.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn ọba, àwọn baálé àti ẹgbẹ́ wa: ẹ jẹ́ kí a ka gbogbo ère tí ó kù ní agboolé kọ̀ọ̀kan, kí a ya àwòrán wọn, kí a kọ orúkọ ìdílé tí ó ni wọ́n sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tà á láìjẹ́ pé gbogbo ẹbí péjọ. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.