KATAPÍLÀ KÉKERÉ LÓRÍ ILẸ̀ IYANRÌN

Ní Ọ̀tọ̀ yìí, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ iyanrìn lókè tí ó sì ń di àbàtà bí a bá ti sún mọ́ etí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ gbé yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni ti katapílà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní compact track loader. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn ìlú etíkun dá owó jọ láti ra ọ̀kan, kí a lè máa fi la ojú omi, kí a sì fi kún ilẹ̀ kí òjò tó dé?

Ẹni tí kò bá tí ì rí i rí, kí ó fi ojú inú wò ó báyìí: ẹ̀rọ kan tí kò fẹ̀ ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ púpọ̀, tí awakọ̀ rẹ̀ jókòó sínú àgò irin, tí apá irin méjì nà síwájú láti gbé ṣọ́bìrì ńlá kan tí ń wa iyanrìn. Dípò táyà mẹ́rin, ìgbànú rọ́bà gbòòrò méjì ni ó fi ń rìn.

Àǹfààní rẹ̀ èkíní wà ní ẹsẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ lásán wọ irà yóò rì. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ́ pákó sílẹ̀ tí ó sì dúró lé e, irà yóò gbé e. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ fúyẹ́ sí i. Ìwúwo rẹ̀ ni ó tàn ká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìgbànú yìí ń ṣe fún ẹ̀rọ tí ó lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 4. Kì í ṣe àwa nìkan ni ilẹ̀ rírọ̀ ti yọ lẹ́nu. Nítòsí Stockton ní California, ilẹ̀ àbàtà a máa gbé ẹsẹ̀ irin àwọn ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ mì, títí Benjamin Holt fi yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀kan kúrò ní 1904, tí ó sì fi ìgbànú onípákó rọ́pò rẹ̀. Ní 1986, ilé-iṣẹ́ Takeuchi ti Japan gbé irú kékeré onírọ́bà yìí jáde.

Àǹfààní kejì ni pé ó lè wọ àárín ilé méjì tàbí abẹ́ igi àgbọn, níbi tí katapílà ńlá kò lè dé. A sì lè yọ ṣọ́bìrì rẹ̀, kí a fi ohun èlò tí ń lu ihò tàbí èyí tí ń gbé ẹrù rọ́pò.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Iyanrìn a máa jẹ irin abẹ́ ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, omi iyọ̀ a sì máa mú un dípẹtà. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ ha ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Ọ̀dà pẹ̀lú a máa jẹ rọ́bà. Ẹni tí ó bá wà á lórí ọ̀nà Èkó sí Badagry, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀ lójú ní 2009, yóò tètè wá rọ́bà mìíràn rà, rọ́bà náà kì í sì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú. Bí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ó háyà ọkọ̀ ńlá tí yóò gbé e. Awakọ̀ rẹ̀ kì í sì í rí ẹ̀yìn dáadáa, èyí tí ó léwu púpọ̀ ní ọgbà tí ọmọdé wà.

Ohun tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti àwọn alágbàṣe, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ń ru iyanrìn nínú páànù. Owó tí wọ́n gbà lónìí, ọjà ìlú wa ni wọn yóò ná an sí ní alẹ́. Owó tí a fi ra epo dísẹ̀lì kì í pẹ́ láàárín wa. Síbẹ̀, kí a má ṣe fi àánú tan ara wa jẹ. Kò sí bàbá tí ń gbàdúrà pé kí ọmọ òun dúró sínú omi ìdọ̀tí títí dé ìbàdí kí ó tó jẹun.

Ìdájọ́ mi nìyí: ilẹ̀ wa yẹ ẹ̀rọ yìí, àpò wa ni kò ì yẹ ẹ́. Iṣẹ́ tí a ní fún un kò kún ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ kò mọ ìsinmi. Kí a má ṣe rà á. Kí a háyà rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù Èrèlè tàbí Ẹrẹ́nà, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ kò sí nílé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ inú irà ni kí a gbé fún un. Kí a fi títún ilẹ̀ ṣe àti iyanrìn inú ọgbà sílẹ̀ fún àwọn alágbàṣe, kí a sì san owó wọn pé.

Olúwa wa ti kìlọ̀ fún ẹni tí ń fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ pé kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ìṣirò náà ni kí a kọ́ àwọn ọmọ wa: iye wákàtí, iye epo, iye rọ́bà, àti iye ẹnu tí iṣẹ́ ọwọ́ ń bọ́. Ọmọ tí ó bá mọ èyí, ẹ̀rọ kò ní sọ ọ́ di ẹrú.