Ta Ni Í Jèrè Nígbà Tí Owó Òwú Bá Já Wálẹ̀?

Ẹ̀yin ará Datcha, ẹ̀yin tí a kọ́ ilé iṣẹ́ aṣọ sí ìlú yín, ẹ mọ òwú. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Ní Abidjan, ọjà kan wà tí à ń pè ní BRVM. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Ìpín ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọ́n a ka iye owó àwọn ìpín náà pọ̀ bí ẹrù inú agbọ̀n kan.

Ní New York, olówó lè ra irú agbọ̀n bẹ́ẹ̀ lódindi, kí ó tún ta tẹ́tẹ́ pé ẹ̀ka iṣẹ́ kan nínú rẹ̀ yóò ṣubú. Ó yá ìpín tí kì í ṣe tirẹ̀, ó tà á. Bí owó rẹ̀ bá já, ó rà á ní ọ̀pọ̀, ó dá a padà, ó jèrè.

Ní ti òwú, ìlérí ni wọ́n ń tà: òwú oṣù tí ń bọ̀. Ní oṣù kẹta 2011, òwú tí kò tó ààbọ̀ kílò ju dọ́là 2 lọ níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejìlá, kò tó dọ́là 1 mọ́. Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ pé yóò já yó. Àgbẹ̀ tó ti gbìn ńkọ́?

Wọ́n ní oníṣòwò fi ń dáàbò bo owó rẹ̀. Òótọ́ ni, bí ó bá ní òwú lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní oko, tí kò ní òwú, kí ló ń dáàbò bò?

Ẹ jẹ́ kí a béèrè: kí wọ́n sọ iye owó kílò kan kí a tó gbìn. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a kà á fúnra wa.