Ìbò Benin: Ilẹ̀kùn ti tì kí alákìíyèsí tó dé

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn ṣójà kan bọ́ sórí tẹlifíṣàn ìjọba Benin Republic, wọ́n ní àwọn ti gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bàálù ogun Nàìjíríà ti wà lójú ọ̀run Kútọnu, àjọ ECOWAS sì ti kéde pé ọmọ ogun Nàìjíríà, Ghana, Ivory Coast àti Sierra Leone ń bọ̀. Ìdìtẹ̀ náà ò fìdí múlẹ̀. Ká sòótọ́, iṣẹ́ ńlá ni. Iná kì í jó ilé aládùúgbò ká káwọ́ lẹ́rán.

Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ní Benin yìí kan náà tí bàálù kankan ò gbéra fún. Lóṣù Kẹwàá, àjọ elétò ìdìbò ibẹ̀ ò gba Renaud Agbodjo, olùdíje ẹgbẹ́ alátakò Les Démocrates, wọlé sínú ìdíje ààrẹ. Kì í ṣe pé ó jalè. Òfin ló sọ pé ẹni tó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ gba ìbọ́wọ́lù ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aṣòfin àti olórí ìlú tí wọ́n dìbò yàn. Ẹ bá a ṣírò, ènìyàn 28 ni. Aṣòfin 28 géérégé ni Les Démocrates ní. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn, ó ku 27. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ fojú inú wò ó pé ọmọ Ọ̀bà-Àkókó kan fẹ́ du ipò gómìnà Òǹdó, wọ́n wá ní kó kọ́kọ́ lọ gba ìbọ́wọ́lù lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin Àkúrẹ́ àti àwọn alága káńsù, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ta ló máa bọ́wọ́ lù ú fún un?

Nígbà tí ìbò aṣòfin dé ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2026, òfin tún ní ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ìjókòó gbọ́dọ̀ rí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní àgbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìjókòó 109 bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn Talon. Alákìíyèsí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé àpótí dé lásìkò, pé wọ́n ka ìbò lójú gbogbo ayé. Òótọ́ ni yóò kọ, síbẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan nípa ìbò náà.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2019, owó ìdúró ẹgbẹ́ kan fún ìbò aṣòfin jẹ́ mílíọ̀nù 249 CFA. Kò sí ẹgbẹ́ alátakò kankan lórí ìwé ìbò, wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn tó jáde dìbò ò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ìbọn dún ní Kútọnu, ẹ̀mí sì bọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ọlọ́pàá àti ará ìlú kọlu ara wọn ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá bíi tiwa.

Àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ nígbà náà o. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Benin lé aṣojú European Union jáde. Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà tó wà ní Arusha ní kí wọ́n dá ìbò ìbílẹ̀ dúró lọ́dún 2020. Wọ́n dì í lóṣù Karùn-ún bó ṣe wà, wọ́n sì ti fagi lé ẹ̀tọ́ tí ará ìlú ní láti gbé ìjọba lọ síwájú ilé-ẹjọ́ náà fúnra ẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, ó rọrùn láti dá a lóhùn. Nàìjíríà, tí ọjà Kútọnu ń gbójú lé, kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

ECOWAS ní òfin tiẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar lọ́dún 2001: kí orílẹ̀-èdè kankan má yí òfin ìdìbò padà pátápátá láàárín oṣù mẹ́fà ṣáájú ìbò, àyàfi tí ọ̀pọ̀ olóṣèlú bá fara mọ́ ọn. Òfin ìdìbò tuntun Benin jáde lóṣù Kẹta ọdún 2024. Oṣù mẹ́fà ti kọjá dáadáa. Ihò tí òótọ́ ń gbà jò nìyẹn, torí ẹni tó bá tètè gé ẹsẹ̀ alátakò, ECOWAS ò ní òfin tó lè fi mú un. Àwọn tó fẹ́ ṣèrànwọ́ ní láti ti débẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ òfin, kí wọ́n sì tún wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń to orúkọ olùdíje. Owó bàálù kan ṣoṣo tó iṣẹ́ yẹn ṣe, ó ṣeé ṣe kó ṣẹ́kù.

Ará Àkókó tó bá rò pé èyí ò kan òun, kó rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2019 tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹni tó ra ìrẹsì ní ọjà Ìkàrẹ́ lásìkò yẹn mọ̀ ọ́n lára. Ìjọba tí kò sí alátakò nínú ilé aṣòfin rẹ̀, ìgboro tàbí bárékè ni ìbínú ará ìlú ń gbà jáde, ṣójà Nàìjíríà la ó sì tún rán lọ.

Fún ìbò ààrẹ tí wọ́n fi sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 2026, olùdíje méjì péré ni wọ́n fọwọ́ sí: Romuald Wadagni, mínísítà ètò ìṣúná Talon, àti Paul Hounkpè ti ẹgbẹ́ FCBE. Ní ilé aṣòfin ECOWAS ní Abuja, ìjókòó 35 jẹ́ ti Nàìjíríà. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí ará ilé máa bi léèrè ìdí tí òfin oṣù mẹ́fà náà ò fi tíì di ọdún méjì.