Kòkòrò Àlejò Fẹ́ Jẹ Àgbàdo Wa Tán

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ìjọba sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ àgbàdo wa kì í ṣe ará ilé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́ sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Fall armyworm ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Tíṣà tó fẹ̀yìn tì ni mí. Lọ́dún 2019, mo gbin àgbàdo èékà 2. Mo rí ihò wẹ́wẹ́ lára ewé, mo ní tata ni. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ewé ti fàya yánnayànna, ìgbẹ́ kòkòrò sì kún àárín rẹ̀. Mo sáré ra oògùn lọ́jà, mo fín in lọ́sàn-án gangan. Owó gbé, kòkòrò ò kú! Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé bí oòrùn bá mú, àárín ewé ló ń sá pamọ́ sí. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde jẹun.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Gbàrà tí àgbàdo bá ti hù, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àfòpiná yìí lè yé ẹyin 100 sí 200 lójú kan, bí òwú lára ewé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ tètè gbìn bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, nítorí àgbàdo ẹni tó gbìn kẹ́yìn ló ń jẹ jù. Ẹ sì yé po oògùn méjì mẹ́ta pọ̀. Àwọn ọmọ wa ló ń jẹ àgbàdo náà.

Ẹ̀yin ìjọba, ẹ dá àwọn òṣìṣẹ́ agíríìkì padà sí oko. Nígbà èwe mi, wọ́n máa ń gun alùpùpù wá bá àwọn bàbá wa lábúlé. Lónìí, ẹni tó ń ta oògùn lọ́jà ló di olùkọ́ wa, ọjà rẹ̀ ló sì fẹ́ tà. Àfòpiná yìí lè fò tó 100 kìlómítà lóru ọjọ́ kan. Bí èmi bá pa tèmi, ti aládùúgbò á tún fò wá. Iṣẹ́ gbogbo wa ni.

Bí àgbàdo bá wọ́n, ògì á wọ́n, adìẹ á wọ́n, ẹyin á wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ò mọ sí oko o.



Tíṣà Àgbẹ̀,
Ìsẹ́yìn.