Ọgbọ́n Kò Sí Nínú Àpò Owó

A ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé sinimá tí a kò ná owó rẹpẹtẹ lé lórí kò yẹ ní ohun tí àgbà ń jókòó wò. Àwa kò gba ọ̀rọ̀ yìí. Owó a máa ra aṣọ fún eré. Kì í ra ọgbọ́n fún un.

Ẹ̀rí wa nìyí. Ní ọdún 2020, Europe Kikaku, ẹgbẹ́ òṣèré orí ìtàgé kan ní ìlú Kyoto, ní ilẹ̀ Jàpáànù, gbé sinimá kan jáde tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Beyond the Infinite Two Minutes. Ueda Makoto ni ó kọ ọ́, Yamaguchi Junta ni ó sì darí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 70 péré ni. Fóònù alágbèéká ni wọ́n fi yà á, ilé kọfí kan àti àwọn yàrá itòsí rẹ̀ sì ni gbogbo pápá eré wọn.

Kato, ẹni tí ó ni ilé kọfí náà, wọ yàrá rẹ̀ lókè, ó sì rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀, láti inú ìṣẹ́jú méjì tí ń bọ̀. Láìpẹ́, Kato ti iwájú yìí sọ fún un pé ọmọbìnrin aládùúgbò tí ọkàn rẹ̀ fà sí ti gbà láti bá a lọ sí òde orin. Kato lọ bá a. Ọmọbìnrin náà kọ̀. Nígbà tí ó wá kàn án láti jíṣẹ́ fún ara rẹ̀ ti ẹ̀yìn, irọ́ kan náà ni ó pa, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ohun tí a ti rí kò gbọdọ̀ yí padà.

Ǹjẹ́ eré ọmọdé ni èyí? Ẹni tí ó rí iwájú, tí ó sì ń sáré kí ohun tí ó rí má bàa yẹ̀, ti di ẹrú ohun tí ó rí, bí irọ́ tilẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan olúkúlùkù tí ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àsọtẹ́lẹ̀ ẹlòmíràn.

Wọ́n ní ẹ̀rín ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti pé kò sọ bí ẹ̀rọ náà ti ṣe dé. A dáhùn pé ẹ̀rín kò pa òtítọ́ lára, àti pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni eré náà ń wádìí bí kò ṣe ènìyàn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kọ́kọ́ wò ó tán, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí ó bá sì tún bèèrè iye tí wọ́n ná, ẹ bi í ní iye tí òun fi ra làákàyè.