Owó survey orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé iṣẹ́ ni àbí ẹ̀ṣẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa dúró dè mí. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbàdúrà kí wọ́n má ti account mi pa." Mo rò pé ti báńkì ni. Ó ní rárá, ti survey ni, pé òun máa ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù, wọ́n á sì sanwó dọ́là fún òun. Mo ní kí ló dé tí wọ́n á fi tì í pa? Ó bá wolẹ̀. Ó ní ohun tí òun kọ síbẹ̀ ni pé obìnrin ni òun, ọmọ ọdún 45, tí òun ń gbé ní Texas, tí òun ní ọmọ méjì àti ajá kan.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní owó yẹn ni òun fi ń san owó ilé ìwé àbúrò òun obìnrin. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Àwọn kan máa ń sọ pé gbogbo owó tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, yahoo ni. Mi ò gbà. Kí fóònù tó dé, àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé ìwé kiri ojúlé, wọ́n á bi àwọn ìyá wa pé ọṣẹ wo lẹ fi ń fọṣọ, kí ló dé tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀? Ẹni tó ń ṣe ọjà fẹ́ mọ ọkàn ẹni tó ń rà á, ó sì ń sanwó kó lè mọ̀ ọ́n. Ohun kan náà ni survey. Swagbucks wà, Prolific wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Oxford ní 2014, tí àwọn olùwádìí yunifásítì ń lò. Ẹni tó bá jókòó tó dáhùn ìbéèrè wọn ní òtítọ́, iṣẹ́ ló ṣe. Owó rẹ̀ kéré ṣá. Ẹlòmíì á dáhùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á wá ní kì í ṣe irú rẹ̀ ni àwọn ń wá. Dátà ti lọ nìyẹn.

Àmọ́ èyí tó bá ní kó o kọ́kọ́ sanwó ìforúkọsílẹ̀, sá fún un. Ta ló fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ rẹ? Ṣé a ti gbàgbé MMM ni? Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù ni wọ́n ṣèlérí, ní December 2016 wọ́n ti ilẹ̀kùn. CBEX ní owó á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, ní April 2025 ariwo sọ. Irú rẹ̀ kan wọ inú ìjọ tiwa náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n fi jẹ́rìí níwájú pẹpẹ, a pàtẹ́wọ́. Èmi tí mò ń kọ èyí náà pàtẹ́wọ́.

Ó wá ku ti obìnrin Texas wa. Ọ̀pọ̀ survey yìí kì í gba ẹni tó wà ní Nàìjíríà, torí ẹni tó ń ra ọjà wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ni àwọn ọmọ wa bá ń lo VPN, wọ́n ń ra account olóyìnbó. Wọ́n á ní, "Dádì, ta ló pa lára?" Ìyá tó bá lu ìdí kóńgò wọnú kó tó wọn gàrí fún ọ, ṣé o kì í pariwo ni? Ẹni tó sanwó fún èrò obìnrin Texas, èrò tí ọmọkùnrin kan fọkàn ara rẹ̀ hun lo tà fún un.

Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 27. Bàbá tí kò ríran mọ́ bi ọmọ rẹ̀ pé ta ni ọ́. Ọmọ yẹn fi awọ ewúrẹ́ bo ọwọ́, ó pe ara rẹ̀ ní Ísọ̀. VPN ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Ẹ ó ní ṣebí ó rí ìbùkún gbà. Ó rí i gbà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ nílé bàbá rẹ̀, ó lo ogún ọdún lọ́dọ̀ Lábánì tí òun náà ń yí owó ọ̀yà rẹ̀ padà. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ní orí 32, wọ́n tún bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní Jékọ́bù ni òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti súre fún un.

Mi ò gba àdúrà yẹn fún ọmọ náà. Mo ní kó ti account yẹn pa fúnra rẹ̀. Ó ní, "Dádì, mo ń san ìdámẹ́wàá rẹ̀ déédéé o." Mo ní ìdámẹ́wàá kì í fọ owó. Ó wá bi mí pé, owó ilé ìwé àbúrò òun ńkọ́? Ẹ̀yin ará, mi ò ní èsì kankan lẹ́nu. Mo pe díákónì tó ń bójú tó ìrànlọ́wọ́ ní alẹ́ yẹn, ìjọ máa san ti táàmù yìí. Ti táàmù tó ń bọ̀, mi ò tíì mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mi tí irú account bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀. Ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kí ẹ mú fóònù yín dání. Mi ò ní pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni.